Ẹni Tó Kì Mí Lórí Fóònù

Wọ́n ti gbé agbọ̀n ẹja mẹ́rin jáde kí n tó dé. Ẹ̀karùn-ún wà lórí Bólúwají. Ó fi èjìká gbá mi kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Kò wẹ̀yìn.

Ilé tí Àsíátù, àbúrò mi, ti ń yan ẹja ni, ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Ààrò mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Iná ti kú nínú gbogbo wọn. Àsíátù jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, ó ká ọwọ́ lé itan. Kò wo agbọ̀n tí wọ́n ń gbé. Kò wo èmi náà.

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀," mo wí.

Kúbúrá yíjú sí mi. Ìmọ̀tà ló ti wá. Oúnjẹ ló ń sè fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìrẹsì níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àbúrò mi ló sì ti ń ra ẹja. Àbúrò rẹ̀ ni Bólúwají. Ọkọ̀ rẹ̀ ló dúró síta, wọ́n ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ni yín, bàbá?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí."

"Háà. Ẹ̀gbọ́n olè. Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wá ibì kan jókòó sí, a ò ní pẹ́ kó o tán."

Àwọn obìnrin tó ti pé sẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn wí pé, "Bí wọ́n ṣe máa ń wá láti òkè nìyẹn. Ọ̀kan á yan ẹja, ọ̀kan á ṣọ́nà."

Ẹ̀jìgbò ni wọ́n ti bí wa, ní Ọ̀ṣun.

Àsíátù gbé orí sókè. "Kúbúrá, ọdún mọ́kànlá lo ti ń ra ẹja lọ́wọ́ mi. Ìgbà wo ni mo gba owó rẹ rí kí n tó gbé ẹja sórí òṣùwọ̀n?"

"Fóònù yín gbà á."

"Mo ní ìgbà wo?"

"Àwòrán yín ló wà níbẹ̀, Ìyá. Nọ́ńbà yín ni. Ẹ ní ẹja àrọ̀ di ìdajì iye, kí á tètè sanwó kó tó tán. Mo pè yín, ẹ ò gbé e."

"Orí Wásáàpù lo ti pè. Ọwọ́ olè ló ti dún. Ká ní nọ́ńbà mi gan-an lo pè, ǹ bá gbé e."

"Ta ló tún ń ra káàdì pe èèyàn láyé ìsìnyí?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín níta. Bólúwají padà wọlé, ó ń wá agbọ̀n kẹfà.

Kì í ṣe ẹja ló gbé mi wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà. Ààyè àbúrò mi ni. Ìlà àwọn tó ń yan ẹja ní òfin kan: ẹni tí oníbàárà mẹ́ta bá pè lólè, tí kò sì lè wẹ ara rẹ̀ mọ́, yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Oníbàárà mẹ́tàlélógún ló pe Àsíátù lólè láàárín ọjọ́ méjì. Ìyá Oríyọmí, tó jẹ́ olórí ìlà náà, fún un ní àyè di ìrun Alásárì ọjọ́ Ajé yẹn. Lẹ́yìn ìrun, ẹlòmíràn ni yóò dá iná sínú ààrò mẹ́fà náà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni àbúrò mi ti lò níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò ní iṣẹ́ mìíràn.

Ó ní òun kò mọ ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún olè. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ni fóònù mi dún. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni. Mo wà nínú yàrá mi ní Ìkòròdú, mo ń gé èékánná ẹsẹ̀.

"Àkàngbé!" ni ẹni náà wí. "Àkàngbé, ọmọ Òpómúléró! Ẹ káàárọ̀, bàbá mi."

Mo fi abẹ sílẹ̀.

Nílé wa, oríkì kì í ṣe orúkọ tí à ń kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fi pè ọ́, ilé kan náà lẹ ti jí. Ìyá mi ló máa ń fi jí mi. Lẹ́yìn tó kú, Àsíátù nìkan ló ń fi pè mí. Ní iléeṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, Ajíbóyè ni wọ́n mọ̀. Ní àdúgbò, Bàbá Fọláwùmí ni.

Ẹni náà ní ọmọ Ẹ̀jìgbò ni òun. Ó ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Ìkòròdú ń kó àwọn àgbà jọ sí ojú kan lórí Wásáàpù, kí wọ́n lè máa gbọ́ ìpàdé. Nọ́ńbà mẹ́fà yóò wọlé sórí fóònù mi. Kí n kà á fún òun.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú sítọ́ọ̀ ní iléeṣẹ́ irin kan ní ẹ̀gbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ Ìkòròdú. Ẹnikẹ́ni kò gba ìṣó kan lọ́wọ́ mi láìbuwọ́ lùwé. Ọ̀gá pátápátá wá nígbà kan, mo ní kó buwọ́ lùwé. Ó buwọ́ lù ú.

Mo ka nọ́ńbà mẹ́fà náà fún ohùn tí n kò mọ ojú rẹ̀. Ó dúpẹ́. Ó tún kì mí. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ tí Wásáàpù fi tì mí síta.

Fọláwùmí dé ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ mi ni. Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń kúrò ní Ìkòròdú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Dádì, kí ló dé tí ẹ fún un?"

"Ó kì mí."

"Ó kì yín?"

"Ó pè mí ní Àkàngbé. Ó mọ Òpómúléró."

Ó tẹ fóònù tirẹ̀, ó nà án sí mi. Àwòrán mi ló wà níbẹ̀, nínú agbádá funfun, lórí Fésíbúùkù. Nígbà tí mo pé àádọ́rin ọdún ló gbé e síbẹ̀. Ó kọ oríkì mi sábẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó kọ orúkọ ìlú wa. Ẹnì kan béèrè nọ́ńbà mi níbẹ̀ kó lè pè mí kú oríire. Ó fún un.

"Gbogbo ayé ló lè kì yín, Dádì. Ará Ṣáínà gan-an lè kì yín."

"Ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀."

"Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ka nọ́ńbà."

Ó kọ̀wé sí àwọn Wásáàpù lórúkọ mi. Olè náà ti fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, nọ́ńbà àṣírí kan, tì í. Ìdáhùn tó wá ni pé kí n dúró fún ọjọ́ méje.

"Ẹ pe àwọn èèyàn yín lálẹ́ yìí," Fọláwùmí wí. "Ẹ kọ́kọ́ pe Àǹtí Àsíátù. Ẹ ní tí ohunkóhun bá wá láti orí Wásáàpù yín, kí wọ́n má dá a lóhùn."

"Mo gbọ́."

N kò pè. Ojú tì mí.

Ní ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú, mo lọ sí kóòtù. Mo búra níwájú akọ̀wé pé Wásáàpù mi ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé náà. Mo ká a sápò. Bí mo ṣe ń ṣe ní sítọ́ọ̀ nìyẹn. Tí nǹkan bá sọnù, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó fi ọjọ́ sí i, a ó pa ìwé mọ́. Mo rò pé mo ti ṣe tèmi.

Olè náà sì jókòó, ó ń ka àwọn ọ̀rọ̀ mi àtẹ̀yìnwá.

N kì í kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí mo bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ àbúrò mi, oríkì rẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo fẹ́ ló ń tẹ̀ lé e. "Àwẹ̀ró. Fi òbòkún ránṣẹ́." "Àwẹ̀ró. Mo ti délé." Ọdún mẹ́fà la ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, olè náà kọ ọ́ sí i pé: "Àwẹ̀ró. Nọ́ńbà mẹ́fà wọlé sórí fóònù rẹ. Fi ránṣẹ́."

Àsíátù fi ránṣẹ́. Kò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. N kì í ṣàlàyé, òun náà kì í retí àlàyé. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ṣòro láti fara wé. Èmi kò ṣòro.

Nígbà tí Wásáàpù ti òun náà síta, ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó padà sídìí ẹja rẹ̀. Láàárín Ọjọ́bọ̀ sí Jímọ̀, olè náà ta ẹja tí kò sí fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìmọ̀tà, ní Ìkòròdú, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn onílé ẹ̀sítéètì. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, wọ́n wá gbé ẹja wọn.

Ọjọ́ náà ni Àsíátù pè mí, lórí nọ́ńbà gan-an. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Bọ̀dá mi, ẹ ní kí n fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí yín ní Ọjọ́bọ̀."

"Èmi kọ́. Wọ́n ti gba tèmi náà."

"Yéè! Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Òní," mo wí.

Irọ́ ni.

Ìyá Oríyọmí dé kí Bólúwají tó gbé agbọ̀n kẹfà jáde. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Igi ló fi ń rìn. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà yà fún un. Agnes, akọ̀wé ìlà náà, tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé àti bírò.

"Kúbúrá, ta ló ní kí o máa gbé ẹja nínú ìlà mi?"

"Ìyá, owó mi—"

"Mo ní ta ni?"

Bólúwají gbé agbọ̀n náà kalẹ̀.

Ìyá náà jókòó. Ó wo àbúrò mi. "Àsíátù, wọn ò ní pẹ́ pe ìrun. Ṣé o ti mọ ẹni náà?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Ìyá. Ẹ̀rọ ni. Mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni."

"Gbogbo olè ló ń sọ bẹ́ẹ̀ báyìí," obìnrin kan wí láti òde. "Wọ́n gba fóònù mi, wọ́n gba fóònù mi. Àṣé fóònù ló ń jẹ owó."

"Ẹ jẹ́ kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé," òmíràn wí. "Àwọn ọmọ wa náà ń wá ààyè."

Mo rí Àsíátù tó ń wo ààrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo fọwọ́ kan ìwé inú àpò mi. Ìwé yẹn lè dá ààyè rẹ̀ sí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ yóò sọ ìyókù. N kò rí bí mo ṣe lè lo ọ̀kan kí n fi èkejì pamọ́.

"Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ mú," mo wí. "Ọ̀dọ̀ mi ni olè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwé rèé."

Agnes gbà á. Ó kà á sókè. "Èmi, Ajíbóyè, ọkùnrin, Mùsùlùmí, ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà…"

"A rí i pé ọkùnrin ni," ẹnì kan wí. "Ka ibi tó kàn."

Agnes kà á dé òpin. Ó yẹ òǹtẹ̀ wò, ó tún gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. "Ti kóòtù ni lóòótọ́. Ọjọ́rú ni wọ́n lù ú." Ó yíjú sí àbúrò mi. "Ìyá, ọjọ́ wo ni wọ́n béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ yín?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Olè ti wà nínú fóònù wọn kó tó dé tiyín nìyẹn. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹja yẹn."

Kúbúrá rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀.

"Dúró ná. Wọ́n mọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́bọ̀ ni olè dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àsíátù. Jímọ̀ ni mo sanwó. Bàbá, kí lẹ ń ṣe láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Ẹ ń lu òǹtẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí.

"Ẹ gbọ́ ẹnu wọn! Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni!"

Bólúwají ti dé iwájú mi. "Ìwọ bàbá yìí, ẹ jọ pín in ni. Ta ni yóò mọ̀, tí yóò sì dákẹ́?" Ó gbá fìlà mi dànù. Ó ga jù mí lọ. Mo dúró.

"Má fọwọ́ kàn wọ́n," Ìyá Oríyọmí wí. Kò gbé ohùn sókè. "Tí wọ́n bá jẹ nínú rẹ̀, wọn kì bá tí gbé ìwé yìí wá. Òmùgọ̀ ni wọ́n. Òmùgọ̀ yàtọ̀ sí olè." Ó fi igi kan ilẹ̀. "Àsíátù yóò dúró sí ààyè rẹ̀. Agnes, kọ ọ́ sílẹ̀. Kúbúrá, dá ẹja padà."

"Owó mi ńkọ́, Ìyá?"

"Ọwọ́ olè ló wà. Lọ gbà á níbẹ̀."

"Mo ti pàdánù níyẹn?"

"Ọdún mọ́kànlá lo ti mọ obìnrin yìí, o gba àwòrán gbọ́ jù ú lọ. Ẹja ìdajì iye ló wọ̀ ọ́ lójú. Dá ẹja padà."

Bólúwají jáde. Kò gbé àwọn agbọ̀n náà wọlé. Ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó ń dà wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, sínú ẹrẹ̀ tí omi yìnyín ẹja tútù ń dá. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kúbúrá wọ ọkọ̀. Ó yọ orí jáde.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá Àsíátù! Orí Wásáàpù la ó ti pàdé!"

Wọ́n lọ. Wọ́n pe ìrun. Ìyá Oríyọmí dìde. Ó tọ́ka igi rẹ̀ sí mi.

"Bàbá, a ti rí ìwé yín, a dúpẹ́. Ẹ má wá sí ìlà yìí mọ́."

Àwọn obìnrin náà tẹ̀ lé e. Àwa méjèèjì ló ṣẹ́ kù nínú ilé ẹja. Mo mú fìlà mi nílẹ̀. Àsíátù ti kúnlẹ̀ sídìí ààrò, ó ń to igi sí i.

"Àwẹ̀ró," mo wí.

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó ṣáná. Kò mú. Ó ṣá òmíràn.

"Mo bi yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní ìgbà wo lẹ mọ̀. Ẹ ní òní."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wọ mọ́tò lọ sí kóòtù. Ẹ dúró lórí ìlà. Ẹ búra fún akọ̀wé tí ẹ ò mọ̀ rí. Ẹ ò lè tẹ nọ́ńbà mi."

"Ojú tì mí."

"Ojú tì yín." Ó fẹ́ iná náà. Èéfín bò ó lójú, kò nù ún. "Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi pè mí lólè nínú ọjà yìí. Wọ́n tu itọ́ sẹ́nu ọ̀nà mi. Èmi sì ń dá ara mi lẹ́bi pé mi ò gbọ́n, pé mo ti kó bá yín. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ kí olè náà fi orúkọ yín ṣe ibi. Ẹ̀yin ti mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn?"

Mo wojú ọ̀nà ìta.

"Kí n bá ọ ṣa ẹja ìta," mo wí.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ máa lọ. Mọ́tò Ìkòròdú kì í pẹ́ tán."

Mo gba ẹ̀bá ẹja náà kọjá. Àwọn obìnrin méjì ń ṣa èyí tó ṣì dára sínú báàfù tiwọn. Wọn kò kí mi.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ méje pé. Wásáàpù mi padà. Fọláwùmí fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó kọ ọ́ sínú bébà kan fún mi, ó ní kí n há a sórí kí n sì sun ún. Mo pe gbogbo èèyàn tó wà nínú fóònù mi, lórí nọ́ńbà gan-an, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan kí mi. Ọkùnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ bi mí pé kí ni orúkọ ọ̀gá wa àkọ́kọ́. Mo sọ ọ́. Ó ní olè náà lè mọ ìyẹn. Ó pa fóònù.

Àsíátù kò gbé e. Fọláwùmí lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní òpin oṣù. Ó ní ààrò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń jó, ara àǹtí òun le, àǹtí náà ní kí wọ́n kí obìnrin tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tèmi. Kò ní kí wọ́n kí mi. Ó ti di oṣù méje báyìí.

Ọmọ márùn-ún ni ìyá wa bí. Àwa méjì ló kù.